Ìwà ní Ń Bá Ni Dé Ipò: Ipa Ìlànà Ìwà Ẹni nínú Ìṣàkóso, Iṣẹ́ àti Ìgbé-Ayé Ojoojúmọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ipa tí ìlànà ìwà ẹni ń kó nínú ìṣàkóso ìlú, nínú iṣẹ́ àti nínú ìgbé-ayé ojoojúmọ́. Ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ipò kì í fún ènìyàn ní ìwà tuntun; ìwà tí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tẹ́lẹ̀ ni ó ń bá a dé ipò, ipò náà a sì sọ ọ́ di ńlá. Iṣẹ́ náà fi hàn pẹ̀lú pé ìwà nìkan kò tó láìsí ètò tí ó lè ká aláṣẹ lọ́wọ́ kò, bẹ́ẹ̀ ni ètò nìkan kò tó láìsí ìwà.

Ìfáàrà

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ìṣesí ènìyàn àti wíwà rẹ̀ láyé. Ìwà ni méjèèjì. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ‘wà’ ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘ì-’. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀yọ́, pe àkíyèsí sí èyí nínú iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ìwà pẹ̀lẹ́ nínú Ifá ní 1975. Nínú ìtàn Ifá, obìnrin ni Ìwà, Ọ̀rúnmìlà ni ó sì fẹ́ ẹ. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà lé e jáde nítorí pé kò lè fara da àléébù rẹ̀, iyì àti ọrọ̀ bá Ìwà lọ. Ilé tí èrò ń wọ́ wá tẹ́lẹ̀ wá di ahoro. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ ni ó dìde tí ó ń wá a kiri. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn náà ṣe kedere: ẹni tí ó bá sọ ìwà nù, wíwà rẹ̀ láwùjọ gan-an ni ó ti dín kù.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ni, ohun tí a pè ní ìlànà ìwà ẹni nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn ohun tí ènìyàn kà sí iyebíye débi pé àwọn ni ń darí ohun tí yóò ṣe nígbà tí kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú un. Apá ìparí ìtumọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò jalè nítorí pé ọlọ́dẹ wà lẹ́nu ọ̀nà kò tíì fi ìwà rẹ̀ hàn. Ọlọ́dẹ ni ó fi agbára hàn. Òtítọ́ sísọ, ìfaradà, akínkanjú, ìbọ̀wọ̀ fún ẹlòmíràn àti ìtìjú wà lára ohun tí Yorùbá ń wò mọ́ ọmọlúàbí lára. Nínú gbogbo wọn, ìtìjú ni ó sún mọ́ ọkàn jù lọ, nítorí òun ni ó ń bá ènìyàn wí nígbà tí ojú ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí òwe yìí sọ nípa ẹ̀ṣọ́, ìtàn sọ ọ́ nípa ìwà àwọn aláṣẹ.

Láti Ọjà Apòmù dé Ààfin Ọ̀yọ́

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, ìtàn Aláàfin Aólẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólẹ̀, wà níbẹ̀ ní kíkún. Aólẹ̀ gun orí ìtẹ́ Ọ̀yọ́-Ilé ní nǹkan bí 1789, lẹ́yìn ikú Aláàfin Abíọ́dún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ba ìjọba rẹ̀ jẹ́ kò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó di ọba. Ìgbà tí ó ṣì jẹ́ oníṣòwò ni ó ṣẹlẹ̀.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ lọ sí ọjà Apòmù, ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọjà ńlá ni ọjà náà ní ayé ìgbà náà. Àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú a máa pàdé níbẹ̀. Níbẹ̀ ni Aólẹ̀ ti ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí sí oko ẹrú. Àṣẹ ti dé ọwọ́ Baálẹ̀ Apòmù ṣáájú pé kò gbọdọ̀ fi ààyè gba àwọn tí ń jí ènìyàn tà nínú ọjà rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé etí rẹ̀, ó mú Aólẹ̀, ó sì wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà rí. Ìyà ńlá ni ó tọ́ sí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ro ti pé ọmọ ọba ni ẹni tí ó dúró níwájú òun. Ó ní kí wọ́n nà án, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó máa lọ.

Ọdún gorí ọdún, ọmọ ọba náà di Aláàfin. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n bi ọba tuntun léèrè pé ta ni ọ̀tá rẹ̀ tí wọn yóò gbé ogun lọ bá. Apòmù ni ó dárúkọ. Gbogbo ọlá Ọ̀yọ́, gbogbo ẹṣin àti ọfà rẹ̀, ni Aólẹ̀ fẹ́ fi gbẹ̀san pàṣán tí ó jẹ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Baálẹ̀ Apòmù sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ Aláàfin. Kí ìlú rẹ̀ má baà parun, ó pa ara rẹ̀, ó sì ti fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí wọ́n gé orí òun lọ fún ọba.

Ìbínú Aólẹ̀ kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ mú Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìlọrin, kúrò lọ́nà, ó rán ogun lọ sí Ìwéré, odi tí ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti wọ̀, nítorí pé ìjákulẹ̀ lójú ogun túmọ̀ sí ikú fún Kakaǹfò. Àwọn ọmọ-ogun mọ ète náà. Wọ́n yí padà, wọ́n dó ti Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì fi igbá òfìfo tí a bò ránṣẹ́ sí ọba. Aólẹ̀ mọ ìtumọ̀ àrokò náà. Ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó gégùn-ún, ó sì gbé májèlé jẹ ní nǹkan bí 1796.

Kò sí òpìtàn tí yóò sọ pé ìwà ọba kan ṣoṣo ni ó fọ́ Ọ̀yọ́-Ilé. Òwò ẹrú, ìjà oyè, ìṣọ̀tẹ̀ Afọ̀njá àti ogun àwọn Fúlàní Ìlọrin ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà Aólẹ̀ ni okùn tí ó so ọba pọ̀ mọ́ àwọn olórí ogun rẹ̀ já, kò sì ṣeé so mọ́. Ní nǹkan bí 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Àtìbà tẹ ìjọba tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà, tí ó di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Tòyèjẹ, Kakaǹfò tí ó jẹ tẹ̀lé Afọ̀njá, ti ń ṣe olórí, dúró gbọn-in nígbà tí àwọn ìlú àyíká rẹ̀ ń tú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá wọ̀, tí ìlú náà fi gbòòrò. Ibi tí ìlú méjèèjì dé lónìí kò ṣẹ̀yìn ìfọ́yángá náà.

Kókó tí ó yẹ kí a fà yọ nìyí: adé kọ́ ni ó sọ Aólẹ̀ di ẹni tí ń fi ẹlòmíràn ṣe èrè. Ẹni tí ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà ni ó ta ìlú rẹ̀ láàfin. Ohun kan ṣoṣo tí adé fi kún un ni agbára.

Iṣẹ́ tí Èrè Rẹ̀ Kò Tètè Dé

Bí ipò ṣe ń tú ìwà fó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń ṣe, pàápàá iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ kò sí nítòsí. Àpẹẹrẹ kan wà ní ìlú Ọ̀yọ́ tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀. Òun ni ti Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn Aólẹ̀ sílẹ̀.

A bí Johnson ní Hastings, ní Sàró, ní 1846. Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà. Ní 1881, nígbà tí ogun Kírìjì le, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ ìwé sí Gómìnà ní Èkó pé kí ó bá òun dá sí ọ̀rọ̀ náà. Johnson ni ó mú ìwé náà lọ. Ó wà lára àwọn tí ń rìn láàárín àgọ́ ogun kan sí èkejì títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Ẹni tí ìhà méjèèjì tí ń jà jọ ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ kò pọ̀ láwùjọ kankan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni láti jẹ́ ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnìkan kún ti ẹnìkejì.

Lẹ́yìn èyí ni ó di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà. Ohun tí ó ká a lára ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ara wọn. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n sì ń kú lọ. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ṣèlérí owó fún un. Ní 1897, ó parí ìwé náà. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899. Ibẹ̀ ni àfọwọ́kọ náà sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan ìwé tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ.

Àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú-omi Appam tí ó gbé e lójú òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún bíi méjì kọjá kí a tó tún gbúròó ìwé náà. Ní 1921 ni ó tó jáde, ó sì lé ní 600 ojú-ìwé. Obadiah pàápàá ti kú ní 1920.

Àwọn méjèèjì kò rí èrè iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, láìsí wọn, ìwọ̀nba ni ohun tí a ò bá mọ̀ nípa Aólẹ̀, Abíọ́dún àti Àtìbà. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ń darí wọn ni ìyìn tàbí owó, àkọ́kọ́ ìjákulẹ̀ náà ti tó fún ìdí tí wọn yóò fi jáwọ́. Ohun tí wọ́n kà sí iyebíye ni pé kí ìtàn má ṣègbé; ìgbàgbọ́ yìí ni ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà tí ìrètí ti pin.

Àwìn, Àjọ àti Orúkọ Rere

Kì í ṣe ọba àti òǹkọ̀wé nìkan ni ìwà ń dán wò. Nínú káràkátà ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bá a pàdé, Ògbómọ̀ṣọ́ sì jẹ́ ìlú tí ó yẹ fún àyẹ̀wò irú èyí, nítorí pé oníṣòwò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣòwò dé Jọ́ọ̀sì àti àwọn ìlú Òkè Ọya, wọ́n sì ṣe é dé àríwá Gánà, ní àyíká Tàmálè. Ọmọdé a máa bá ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí onítọ̀hún tó fún un ní owó tí yóò fi dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ìwé àdéhùn láàárín wọn. Ọmọ ń fi ọdún rẹ̀ sílẹ̀, àgbà ń fi ọjà àti owó rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ohun tí ó dúró láàárín wọn ni ìfọkàntán.

Àwìn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba ọjà láwìn ní ìlú tí ó jìnnà sí ilé lè sá lọ. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó sá ni pé orúkọ rẹ̀ ni ọjà tí yóò tà lọ́la. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó wà lára àwọn tí ó padà wálé. Ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbé rù. Ẹni tí ó tún rí ìdí òwò mú nílé, ìmọ̀ iṣẹ́ àti orúkọ rere ni dúkìá tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnubodè.

Ìlú náà kò ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára oyè. Ọba Jimọ̀h Oyèwùmí, Ajagungbádé Kẹta, ti ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì kí ó tó di Ṣọ̀ún ní 1973. Ó lo ọdún méjìdínláàádọ́ta lórí oyè kí ó tó wàjà ní oṣù kejìlá 2021. Aólẹ̀ pẹ̀lú ti ṣòwò kí ó tó jọba. Ìlú tí ó bá fi oníṣòwò jọba, gbogbo ohun tí ó ti jẹ́ lẹ́nu òwò ni ó fi jọba.

Bí a bá fẹ́ rí ìwà ní kékeré, àjọ ni kí a wò. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan lóṣù, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ẹnìkan yóò kó lóṣù. Ẹni tí ó kó ti oṣù kìíní ti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ̀rún kan. Oṣù mẹ́sàn-án ni yóò tún fi máa dá owó tí kò ní kó mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án náà ni ìdánwò ìwà rẹ̀. Bákan náà ni àṣà àtijọ́ tí àgbẹ̀ fi ń pa iṣu tàbí ọsàn rẹ̀ lé ẹ̀bá ọ̀nà, tí yóò to òkúta wẹ́wẹ́ tí ń sọ iye rẹ̀ sí i, tí yóò sì gba oko lọ. Ẹni tí ó bá rà yóò fi owó síbẹ̀. Ojú kankan kò sí níbẹ̀ àfi ojú inú.

Ìwà Nìkan Kò Tó

Ẹnìkan lè sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí á ṣáà máa wá ènìyàn rere sí ipò, kí ó parí síbẹ̀. Àwọn tí ó gbé ètò Ọ̀yọ́ kalẹ̀ kò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn rere lè yí padà, ènìyàn búburú sì lè fi ojú rere bojú. Nítorí náà ni wọ́n fi Ọ̀yọ́ Mèsì méje, tí Basọ̀run jẹ́ olórí wọn, ṣe ìjánu fún Aláàfin, tí wọ́n sì fi Ògbóni ṣe ìjánu fún Ọ̀yọ́ Mèsì.

Ṣùgbọ́n ètò pẹ̀lú nílò ìwà. Ní 1754, ṣáájú ìgbà Aólẹ̀, Gáà di Basọ̀run. Ipò tí a dá sílẹ̀ láti máa ká ọba lọ́wọ́ kò ni ó fi ń pa ọba. Àwọn ọba kú tẹ̀léra lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀; Awọ́nbíojú kò lò ju àádóje ọjọ́ lọ lórí oyè. Àwọn ọmọ Gáà tàn ká ilẹ̀, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó jẹ́ ti Aláàfin. Ní 1774, Aláàfin Abíọ́dún, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Kakaǹfò Ọyábí, ni ó wá fi òpin sí i. Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti ń pa á lówe pé bí o láyà, kí o ṣèkà. Bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òótọ́. Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, tún fi ìtàn náà kọ eré-onítàn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kà.

Ìtàn Gáà àti ti Aólẹ̀ jọ gba ara wọn lẹ́yìn. Aólẹ̀ fi hàn pé ìwà búburú lè wọ inú adé. Gáà fi hàn pé ó lè wọ inú ìjánu adé pẹ̀lú. Òfin tí ó dára jù lọ, ọwọ́ ènìyàn ni yóò lò ó.

Ohun tí Ó Kan Olùkọ́

Ọ̀yọ́ ti jẹ́ ìlú olùkọ́ láti 1896 tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew’s sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ọba àti Basọ̀run jìnnà sí òun. Kò jìnnà. Olùkọ́ ni ọba àkọ́kọ́ tí ọmọdé máa ń bá pàdé lẹ́yìn òbí rẹ̀. Òun nìkan ni ó wà nínú kíláàsì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Òun ni onídàájọ́, òun ni akápò, òun náà ni arọ́kin.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi mágomágo yege ìdánwò rẹ̀ lónìí, tí ó ń sọ pé bí òun bá di olùkọ́ òun yóò yí padà, kò yàtọ̀ sí ọmọ ọba tí ó wà ní ọjà Apòmù. Máàkì tí kò tọ́ sí i tí ó gbà ni yóò máa tà bí ó bá dé ipò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó wá sí kíláàsì bí ó ti rí, tí ó ń ka gbogbo àpilẹ̀kọ ọmọ ogójì dé òpin láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ìwà yẹn ni yóò bá a dé ipò ọ̀gá ilé-ìwé. Fún ìdí èyí, ó yẹ kí a máa kọ́ ọmọlúàbí ní kíláàsì ju kí a kàn há àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sórí fún ìdánwò lọ. Ìtàn bíi ti Apòmù, tí a bá jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀, yóò wọ̀ ọ́ lára ju ìmọ̀ràn lásán lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìlànà ìwà ẹni kì í dúró sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjà ni ti Aólẹ̀ ti wọ ààfin. Láti inú àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ti kú ni ti àwọn Johnson ti di ìwé tí ayé ń kà. Láti inú ìwà Gáà ni ètò tí ó dára ti di ohun ìjà. A kò gbọdọ̀ tan ara wa pé ìwà rere kì í náni ní nǹkan. Baálẹ̀ Apòmù dá ẹjọ́ tí ó tọ́, ó fi àánú bù ú, ẹjọ́ náà ni ó sì padà pa á. Ìtàn kàn ń fi oyè rẹ̀ pè é ni, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, òun ni kò yí padà ní ojú ọjà àti ní ojú ikú. Nígbà tí ó ní agbára lórí ọmọ ọba, kò lò ó kọjá ààlà. Nígbà tí agbára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rò. Ohun tí ó bá a dé ipò ni ó bá a dé sàréè.